Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ní Ó Ti Sàn

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ṣòro láti ṣàlàyé fún ẹni tó bá jókòó tì mí nínú ọkọ̀. Bí mo bá ní ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ilẹ̀ ni mo ń bá ṣiṣẹ́, wọ́n á bi mí bóyá mo ní púlọ́ọ̀tì tí mo fẹ́ tà. Nítorí náà, báyìí ni mo máa ń sọ ọ́: bí àwọn tó ń wa ilẹ̀ bá ti kó yangí àti iyanrìn inú rẹ̀ lọ tán, wọ́n gbọ́dọ̀ dí kòtò náà, kí wọ́n sì mú kí nǹkan hù lórí rẹ̀ padà. Àwa la máa ń sọ pé ó ti hù tó, tàbí pé kò tíì hù tó. Kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, àwa la máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé, bí ẹ bá rí i báyìí, tí ẹ rí i báyìí, ilẹ̀ yìí ti sàn, kí ẹni tó wà á máa lọ sílé rẹ̀.

Wọ́n á wá rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan bi mí lọ́nà Ẹ̀pẹ́ pé, "Ṣé koríko náà ń ṣe ìdánwò ni?" Mo ní koríko ò ní wàhálà kankan, èèyàn ló ní wàhálà, mo sì kọjú sí fèrèsé. Inú mi máa ń tètè bí. Gbogbo ẹni tó bá mọ̀ mí ló mọ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà ní ìgbèríko Ẹ̀pẹ́ tí mi ò lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkọ̀ kankan. Orí ilẹ̀ yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti dáko títí irun rẹ̀ fi funfun. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ni gbogbo ilé wa ń pè é, nítorí ibẹ̀ ló fẹ́ ọkọ sí. Ọkọ náà kì í sì í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́. Ará òkè ni, iṣẹ́ oko ló gbé e wá, àwọn onílẹ̀ ló sì fún un ní ibi tó ń dá.

Wọn kò tà á fún un. Wọ́n ní kó máa gbin ohun tí èèyàn ń gbìn tó sì ń kó kúrò nílẹ̀: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ilá, ata. Bí Iléyá bá kù sí dẹ̀dẹ̀, yóò gbé nínú irè oko lọ fún wọn, ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n kà léèwọ̀ fún un: kò gbọdọ̀ gbin igi. Kì báà ṣe obì, kì báà ṣe àgbọn, kì báà ṣe ọ̀pẹ. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ ń jẹun lórí ilẹ̀ ni. Ẹni tó bá gbin igi, ó ń sọ pé òun ló ni ín. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ, ohun tí àwọn onílẹ̀ sì ń sá fún gan-an nìyẹn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ rí mọ òfin yìí, kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ síwèé.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, Ìyá Ẹ̀pẹ́ ń bá oko náà lọ, ó sì pa òfin igi yẹn mọ́. Nígbà kan tí mo lọ lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀, mo ju kóró máńgòrò sí etí oko, kóró náà sì hù. Inú mi dùn, mo ń bu omi sí i lórí. Ìyá Ẹ̀pẹ́ kò pariwo mọ́ mi. Ó fà á tu tòun ti gbòǹgbò, ó rìn jìnnà lọ sí etí títì, ó lọ jù ú síbẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, torí pé mo rò pé ìkà ló ṣe.

Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í la títì káàkiri apá ibẹ̀ ni yangí wá di ohun tí gbogbo èèyàn ń wá. Àwọn onílẹ̀ gbé ilẹ̀ náà fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń wa yangí. Olórí ẹbí wọn fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún Ìyá Ẹ̀pẹ́, ní iwájú mọ́ṣáláṣí, níṣojú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán. Ó ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Wọ́n á wà á, wọ́n á sì dí i. Ìgbà tí ilẹ̀ bá ti sàn, ẹ ó padà sí oko yín." Àwọn tó dúró níbẹ̀ ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ yẹn ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ dì mú kúrò ní Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀dọ̀ mi ní Ìgbògbò, lẹ́bàá Ìkòròdú, ló kó wá. Aṣọ rẹ̀ kò pọ̀. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ dání, ó sì di ọ̀pá ẹ̀gẹ́ kan bí ìdì igi tí wọ́n fi ń dáná. Mo bi í pé kí la fẹ́ fi ẹ̀gẹ́ ṣe nínú àgbàlá tó jẹ́ pé kọnkéré ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní ẹ̀gẹ́ kì í dúró de èèyàn. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá pẹ́ láìgbìn, á gbẹ, ó sì parí nìyẹn. Ó wá àpò ìrẹsì jọ, ó bu ilẹ̀ kún inú wọn, ó sì kó wọn sí ẹ̀yìn ilé. Ọdọọdún ló ń gé ọ̀pá náà, tó ń tún un gbìn. Ẹ̀gẹ́ inú àpò ò lè ta títí tí yóò fi ṣeé jẹ, kì í sì í ṣe torí jíjẹ ló ṣe ń gbìn ín. Kó má baà sí ọjọ́ tí wọ́n á ní kó padà sí oko, kí ẹ̀gẹ́ oko náà má sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Àwọn tá a jọ ń gbé ilé a máa bi í pé, "Ìyá, ìgbà wo la máa jẹ ẹ̀bà inú àpò?" Òun náà á dá wọn lóhùn pé ẹ̀bà náà ń bọ̀.

Lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ló máa ń bi mí léèrè. Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ ilẹ̀, ó gbà pé mo gbọ́dọ̀ mọ̀. "Ilẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti sàn?" Bí a ṣe ń béèrè aláìsàn tó wà ní ọsibítù ló ṣe máa ń béèrè rẹ̀. Èmi náà á ní ó ń gbìyànjú.

Bí ayé ṣe rí, ọ́fíìsì wa ni wọ́n wá gbé iṣẹ́ ilẹ̀ náà fún. Wọ́n ní kí a sọ ohun tí a ó fi mọ̀ pé ó ti sàn. Ọ́fíìsì wa kò tóbi, ẹ̀yìn àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ti Ìkòròdú ló wà, ariwo ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kì í sì í jẹ́ kí a gbọ́ ara wa láàárọ̀. Mo lọ bá ọ̀gá wa kí n má baà kó ara mi sí ìjọ̀ngbọ̀n. Mo sọ fún un pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti dáko lórí ilẹ̀ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ní ìpínlẹ̀ Èkó yìí, ta ni kò ní ẹ̀gbọ́n bàbá níbì kan? Ṣáà má ṣe ojúsàájú."

Ọ̀gá wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Igi ni ó ń fẹ́. Ó ní kí a kọ ọ́ pé, bí igi tí wọ́n gbìn bá la ẹ̀ẹ̀rùn já, tí ewé wọn sì bo ilẹ̀, iṣẹ́ ti parí. Igi ṣeé kà. Ẹ̀rọ kékeré tó máa ń fò sókè láti ya àwòrán á rí i. Enjiníà ilé-iṣẹ́ tó wa yangí náà fara mọ́ ọn kíákíá. Akáṣíà ló fẹ́ gbìn, igi tó máa ń yára ga, tí kì í béèrè nǹkan lọ́wọ́ ilẹ̀.

Mo ní rárá. Mo ní pé nǹkan tutù yọ̀yọ̀ kò ní kó sàn. Koríko eèkan náà máa ń tutù, ibi tí ilẹ̀ bá ti kú ló sì fẹ́ràn jù. Mo ní ohun tí wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ ṣe ni ó yẹ kí a fi dán an wò. Oko ni ilẹ̀ yẹn kí wọ́n tó wà á, ohun oko ni kí a gbìn sí i, kí a wò ó bóyá á so.

Ọ̀gá wa wò mí. "Kó tó di oko ńkọ́? Ṣebí igbó ni. Ibo lo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ilẹ̀ yẹn?"

Inú bí mi gan-an, torí pé kò purọ́. Ibikíbi tí èèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ilẹ̀, ẹnì kan á wà tí ìtàn náà gbè, ẹnì kan á sì wà tí kò sí nínú rẹ̀ rárá. Ìmọ̀ ẹ̀kọ́ mi kò sọ fún mi bí èèyàn ṣe ń mú ọ̀kan níbẹ̀.

Bí igi ṣe wọlé nìyẹn. Ọ̀gá wa tún fi gbólóhùn kan kún un, pé kí àwọn tó ti ń lo ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀ wà lára àwọn tí yóò gbin igi, tí yóò sì máa tọ́jú wọn. Bí wọ́n bá kọ̀, iṣẹ́ náà kò tíì yege. Ó dára létí. Gbogbo wa la kà á, gbogbo wa la sì ní ó dára.

Ọjọ́ ìgbìngi bọ́ sí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Wọ́n ta kánópì sí etí ilẹ̀ náà, wọ́n kó àwọn ọmọ igi sílẹ̀ nínú ọ̀rá dúdú. Olórí ẹbí wọ aṣọ funfun, ó ṣe àdúà, ó sì ní kí gbogbo ẹni tó ti jẹun lórí ilẹ̀ náà rí wá gbin igi tirẹ̀. Èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé Ìyá Ẹ̀pẹ́ wá. Ó ti wé gèlè tó máa ń wé lọ sí ìkómọ. Ọ̀gá wa mú ọmọ igi kan, ó tẹríba, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mi ò ní gbà á."

Ọ̀gá wa rò pé kò gbọ́ dáadáa. Ó tún un sọ sókè. Ìyá Ẹ̀pẹ́ náà tún tiẹ̀ sọ, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ síbẹ̀. Enjiníà mi orí. Ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí i? Àwọn gan-an ni kì í fẹ́ kí nǹkan dára." Ẹni tó ń bá wa kọ ìròyìn ti ń kọ ọ́ lọ.

Mo fẹ́ sọ fún Ìyá Ẹ̀pẹ́ pé kó gbà á, nítorí ojú ń tì mí. Ìgbà náà ni mo wo olórí ẹbí. Kò wo ojú Ìyá Ẹ̀pẹ́ rárá. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò, ó sì ti dẹ́kun ẹ̀rín. Àwọn àbúrò rẹ̀ tó tò sẹ́yìn rẹ̀ náà ń wo ọwọ́ yẹn. Máńgòrò tí mo gbìn lọ́jọ́sí ni mo wá rántí. Bí Ìyá Ẹ̀pẹ́ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti igi bọ ilẹ̀ yẹn, ó ti da àdéhùn tí ọkọ rẹ̀ bá wọn ṣe níṣojú gbogbo ẹbí, wọ́n á sì ní ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ti fi ara hàn. Bí kò bá sì gbìn ín, àwa á kọ ọ́ pé kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ọ̀gá wa, àlejò ni níbẹ̀, kò sí ẹ̀bi rẹ̀. Èmi tí kì í ṣe àlejò ni ó ń dùn.

Mo sún mọ́ olórí ẹbí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ yọ̀ǹda fún Ìyá kí wọ́n gbin igi?"

Ó ní, "Igi ìjọba nìyí. Ẹnikẹ́ni lè gbìn ín."

"Ẹni tó bá gbìn ín, ṣé òun ló ni ín?"

Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ìyẹn tún di ọ̀rọ̀ mìíràn."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló yanjú ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi ò gbin igi síbẹ̀, èmi náà ò ní gbìn ín. Ẹ ṣáà rántí ohun tí ẹ bá mi sọ." Olórí ẹbí ní òun rántí. Ó ní ìgbà tí ilẹ̀ bá ti sàn ni. Wọ́n gbin igi tó kù sí apá òkè, wọ́n pín ohun mímu, a sì padà sí Ìkòròdú.

Ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, ẹnu mi ò dákẹ́. Mo ṣàlàyé òfin igi fún ọ̀gá wa títí ó fi mú orí rẹ̀ dání. Mo ní bí a bá fi igi nìkan wọn ilẹ̀ yẹn, a ti sọ fún obìnrin yẹn pé kò ní padà síbẹ̀ mọ́ láyé, nítorí ilẹ̀ tí a bá ní igi ló fi sàn, ta ni yóò jẹ́ kí ó gé igi ibẹ̀ láti gbin ẹ̀gẹ́? Mo pariwo débi pé àwọn tó wà ní ọ́fíìsì kejì yọjú. Nígbà tó yá, ó gbà. A pín ilẹ̀ náà sí méjì. Igi ni a ó fi wọn apá òkè. Apá ìsàlẹ̀, níbi tí oko Ìyá Ẹ̀pẹ́ wà tẹ́lẹ̀, ẹ̀gẹ́ ni a ó fi wọ̀n ọ́n: bí ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ bá ta bíi ti oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ ti sàn. Olórí ẹbí kò bá wa jiyàn. Ẹ̀gẹ́ kì í gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Inú mi dùn bíi ti ọmọdé. Mo délé, mo sọ fún Ìyá Ẹ̀pẹ́, ó sì dìde lọ sẹ́yìn ilé. Ìgbà tí yóò fi padà, ó ti gé ọ̀pá ẹ̀gẹ́ nínú àwọn àpò rẹ̀, ó ti fi okùn dì wọ́n. Ó ní, "Èyí ni kí wọ́n gbìn. Ibẹ̀ náà ló ti wá."

Ẹ̀gẹ́ náà dìde. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá gbé mi débẹ̀ ni mo ń mú ìròyìn bọ̀ wálé: ó ti dé ìbàdí mi, ó ti dé àyà mi, ewé rẹ̀ dúdú mìnìjọ̀. Ìyá Ẹ̀pẹ́ gbé ọkọ́ rẹ̀ lọ fún alágbẹ̀dẹ, ó ní kí wọ́n fi èèkù tuntun sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí yàrá kan ní Ẹ̀pẹ́ báyìí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bínú sí mi lórí àwọn nǹkan kéékèèké, bí ẹni tó ti ń palẹ̀ mọ́ láti lọ.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ wú ẹ̀gẹ́ náà, ó ní òun á wà níbẹ̀. Ọ̀gá wa wà níbẹ̀, enjiníà wà níbẹ̀, olórí ẹbí náà wá. Èmi ni mo di àkọ́kọ́ mú. Ẹ̀gẹ́ tó bá ta kì í tètè jáde. Èèyàn á mì í, á tú ìdí rẹ̀, á tún fà á. Èyí tẹ̀ lé mi wá bí ìgbà tí wọ́n ń fa tẹ̀tẹ̀ tu. Gbòǹgbò rẹ̀ kò ju ìka ọwọ́ lọ. Gbogbo wọn sì ti yí sí ẹ̀gbẹ́, níbi tí wọ́n ti bá ilẹ̀ líle pàdé. Ilẹ̀dú tí ilé-iṣẹ́ náà dà sórí kò jìn rárá, abẹ́ rẹ̀ sì ni yangí tí katapílà ti tẹ̀ títí tó fi dà bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé. A wú òmíràn, bákan náà ni. A wú jìnnà síbẹ̀, bákan náà ni. A lọ sí oko ẹ̀gbẹ́, wọ́n wú ọ̀kan fún wa, ó tó apá mi, ilẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gẹ́ tí kò ta yẹn, ó gbọn ilẹ̀ ara rẹ̀ kúrò, ó sì tún rọra gbé e sílẹ̀.

Enjiníà ló kọ́kọ́ lahùn. Ó ní ṣebí ewé ẹ̀gẹ́ náà dára, kí a kọ ewé sílẹ̀. Ọ̀gá wa fà mí sẹ́yìn igi akáṣíà, tí wọ́n ti ga ju ènìyàn lọ ní apá òkè. Ó ní, "Wo ibí yìí. Òkè ti yege. Bí a bá tún ìsàlẹ̀ kọ, pé ewé tó bo ilẹ̀ la fẹ́, gbogbo rẹ̀ ti parí lónìí. Màmá yín náà á sì rí ilẹ̀ rẹ̀ gbà. Ìwọ ló kọ ọ́, ìwọ ni kí o sọ." Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Inú ọkọ̀ ni Ìyá Ẹ̀pẹ́ ti bá mi sọ ọ́, nígbà tí a ti rìn jìnnà sí Ẹ̀pẹ́. Ó ń wo iwájú.

"Kọ ọ́ pé ó ti sàn."

"Ìyá, ẹ rí i. Kò ta."

"Ojú mi ò fọ́. Kọ ọ́. Bí ẹ bá ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí olórí ẹbí bá mi sọ ti dé ojú rẹ̀ nìyẹn. Mo ti padà."

"Kí lẹ máa jẹ níbẹ̀?"

"Mo lè gbin ata. Mo lè gbin ilá. Gbòǹgbò tiwọn ò jìn púpọ̀. Bí èèyàn bá ń sunkún, ó ṣì máa ń ríran."

Mo sọ fún un pé bí a bá lè kọ ọ́ pé ó sàn, ilé-iṣẹ́ náà á kó katapílà rẹ̀ lọ, kò sì ní sẹ́ni tí yóò tú yangí abẹ́ ilẹ̀ yẹn mọ́. Mo sọ fún un pé ohun tí a bá kọ fún tibẹ̀ ni wọ́n á fi máa wọn àwọn kòtò tó kù láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ìkòròdú. Mo ní bí a bá kọ ọ́ pé kò sàn, wọ́n gbọ́dọ̀ padà wá tú u, kí wọ́n da ilẹ̀dú tó jìn sí i, kí a tún un gbìn.

"Ìyẹn á gbà tó ọdún mélòó?"

Mo fún ọkọ̀ ńlá kan lọ́nà. Ó yíjú sí mi.

"Ṣé ilẹ̀ lò ń tọ́jú ni, àbí èmi?"

Mo ń wakọ̀ lọ. Omi wà lójú mi, mi ò sì fẹ́ kó rí i. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn. Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn, òun ló tọ́ mi. Adìẹ bà lókùn: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Bí mo bá kọ ọ́ pé ó sàn, mo ti fi ilẹ̀ tó ti kú jìn ín. Bí mo bá kọ ọ́ pé kò sàn, ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ náà jí nígbà tí kò ní sí láyé láti tẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo sì tẹnu mọ́ ọn pé kí a fi ẹ̀gẹ́ wọ̀n ọ́n. Ká ní a fi ti igi sílẹ̀ bó ṣe wà, ọ̀gá wa nìkan ni ǹ bá máa bínú sí.

Mo kọ ọ́ pé apá òkè yege, apá ìsàlẹ̀ kò yege. Mo kọ ọ́ pé kí wọ́n tú yangí náà jìn, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ padà. Mo ti fi ọwọ́ ara mi wú ẹ̀gẹ́ yẹn, mi ò lè fi ọwọ́ kan náà kọ nǹkan mìíràn. Ọ̀gá wa kà á, ó ní, "O le o," ó sì fọwọ́ sí i. Ilé-iṣẹ́ náà gbà pé àwọn á ṣe é. Katapílà wọn kò tíì dé ibẹ̀ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ní ó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tí mo ṣe dára. Ohun tí mo lè sọ ni pé òótọ́ ni.

Mo sọ fún Ìyá Ẹ̀pẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní mo ṣeun, ó sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Nígbà tí òjò tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo tètè ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo sì gbọ́ òórùn èéfín láti ẹnu géètì. Gáàsì wà nínú ilé, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹ̀pẹ́ ti kó òkúta jọ sí ẹ̀yìn ilé, ó ń dáná. Àwọn àpò ìrẹsì ti ṣófo, ó ti ká wọn, ó gbé wọn léra. Ilẹ̀ inú wọn wà lẹ́bàá ògiri. Ọ̀pá ẹ̀gẹ́ tó ti gbẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tì wọ́n sínú iná.

Mo ní, "Ìyá, ẹ̀gẹ́ oko yín nìyẹn."

"Mo mọ̀."

"Kí lẹ wá fẹ́ gbìn nígbà tí ilẹ̀ bá..."

"Nígbà tí ilẹ̀ bá sàn?" Ó wò mí. Kò bínú. Ìbá tẹ́ mi lọ́rùn kó bínú. "Àwọn tó bá wà níbẹ̀ nígbà náà á ní ẹ̀gẹ́ tiwọn. Lọ bọ́ aṣọ iṣẹ́, kí o wá jẹun."

Ẹ̀bà ló tẹ̀, gààrí tí a rà lọ́jà. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì jẹ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ yẹn, kò béèrè ilẹ̀ náà lọ́wọ́ mi mọ́.